Fídíò orin tí akẹ́kọ̀ọ́ fẹ́ yà láìsí owó lọ́wọ́: bá a ṣe ṣe tiwa, àti bí mo ṣe máa ṣe é ká ní òní ni

Ẹ jẹ́ n tètè sọ ọ́ kẹ́ ẹ tó bi mí, fídíò orin tí àwa akẹ́kọ̀ọ́ ṣe yẹn ò burú, àmọ́ kì í ṣe fídíò tá a ní lọ́kàn. Orin náà ò ju ìṣẹ́jú mẹ́rin lọ, èèyàn márùn-ún la wà nídìí ẹ̀, ọjọ́ méjì la fi yà á, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la wá fi jókòó ti kọ̀ǹpútà tá à ń tò ó. Owó tá a ná ò tó nǹkan, owó ọkọ̀ àti oúnjẹ àwọn tó wá ràn wá lọ́wọ́ ló sì kó èyí tó pọ̀ jù lọ. Nígbà tó wá di pé ká kọ ohun tá a rí kọ́ nídìí iṣẹ́ náà sílẹ̀ fún olùkọ́, ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé màá kàn kọ ọ́ pé owó ò tó, kí n sì lọ sùn. Àmọ́ mo ní ká ṣe é dáadáa, mo bá kọ gbogbo nǹkan tó dojú rú sínú ìwé lọ́kọ̀ọ̀kan, mọ́kànlá ni wọ́n jẹ́, mo wá yẹ̀ ẹ́ wò, méjì péré ló kan owó. Mẹ́sàn-án tó kù, nǹkan tá ò tíì pinnu ni kó tó di pé àwọn èèyàn dé tí wọ́n dúró tí wọ́n ń wojú wa.

Torí náà, ẹni tó bá wá síbí torí kó mọ irú kámẹ́rà tó yẹ kó rà, ẹ má bínú sí mi o. Fóònù tó bá ti lè ya fídíò 1080p, ìyẹn fídíò tó mọ́ kedere, ti tó. Kámẹ́rà tá a yá la fi ya ìdajì tiwa, fóònù la fi ya ìdajì tó kù, nínú gbogbo àwọn tó wò ó, kò sẹ́ni tó bi wá pé èwo ni kámẹ́rà èwo ni fóònù. Ohun tí wọ́n ń bi wá ni pé kí ló dé tí ètè olórin ò bá orin mu níbì kan, àti pé ọmọkùnrin tó ń rìn káàkiri yẹn, kí ló ń wá gan-an?

Orin ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yanjú

Àṣìṣe wa àkọ́kọ́ nìyí. Orin tá a gbé lọ síbi tá a ti ń yàwòrán ò tíì parí. Ọ̀rẹ́ mi ni olórin wa, ó fi orin yẹn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, ó ní, "Ó ti parí, ó kàn ku kékeré kan báyìí." Èmi náà ò béèrè pé kí ni kékeré ọ̀hún. Ìgbà tá a yà á tán lòun àti ẹni tó bá a ṣe orin náà wá mú kó yára díẹ̀ sí i, wọ́n ní ó ń fa ojú oorun. Téèyàn bá fetí gbọ́ ọ, kò lè mọ̀ pé nǹkan kan yí padà. Àmọ́ ẹ wò ó, tí orin bá fi ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún péré yára ju ti tẹ́lẹ̀, nígbà tó bá fi máa di ìparí ìṣẹ́jú mẹ́rin, ètè á ti fi ju ìṣẹ́jú àáyá méjì lọ gbẹ́yìn orin. Ńṣe la gé gbogbo ẹ̀ wẹ́wẹ́, à ń tì í síwájú, à ń fà á sẹ́yìn, ìlà orin kan lẹ́yìn òmíràn, ọ̀sẹ̀ kan gbáko ló bá a lọ.

Kẹ́ ẹ tó dá ọjọ́ fún ẹnikẹ́ni, ẹ gba orin tó ti parí pátápátá, èyí tí ọwọ́ ẹnikẹ́ni ò tún ní kàn mọ́. Ẹ gbà á ní WAV (fáìlì ohùn tí wọn ò fún pọ̀), kó jẹ́ 48 kHz (iye ìgbà tí wọ́n ń wọn ohùn ní ìṣẹ́jú àáyá kan), torí ohun tí fídíò ń lò nìyẹn. Ẹ kọ déètì sára orúkọ ẹ̀, kẹ́ ẹ sì sọ fún gbogbo ẹni tó wà nídìí iṣẹ́ pé òun nìkan la máa lò, ẹni tó bá tún fi òmíràn ránṣẹ́ ń pe wàhálà ni.

Ẹ béèrè ẹni tó ni orin náà pẹ̀lú. Ẹni méjì lè ni orin kan, ẹni tó kọ ọ́ àti ẹni tó ni èyí tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní stúdíò, wọ́n sì lè má jẹ́ ẹnì kan náà. Tó bá jẹ́ ìlù tẹ́nì kan gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì lolórin yín kọrin lé, ẹ fara balẹ̀ ka ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ ẹ̀, òmíràn wà tó jẹ́ pé kẹ́ ẹ fi dánra wò nílé nìkan ni wọ́n gbà yín láyè. Láti 2007 ni YouTube ti ní ẹ̀rọ tó ń dá orin mọ̀ fúnra ẹ̀, Content ID ni wọ́n ń pè é, kò sì mọ̀ pé akẹ́kọ̀ọ́ ni yín.

Bébà kan, bírò kan

Tí orin bá ti wọlé, ẹ gbọ́ ọ títí tó fi máa sú yín. Lẹ́yìn náà ẹ mú bébà, ẹ kọ ìṣẹ́jú àti ìṣẹ́jú àáyá tí nǹkan kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ sí: ibi tí ìlù nìkan wà, ibi tí lílé ti bẹ̀rẹ̀, ibi tí ègbè ti wọlé, ibi tí gbogbo ẹ̀ ti pa rọ́rọ́ kó tó tún bú jáde. Níwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan ẹ kọ ohun tá a máa rí, ibi tó ti máa ṣẹlẹ̀, ẹni tó máa wà níbẹ̀ àti aṣọ tó máa wọ̀. Ibi tẹ́ ẹ bá kọ "a ó wá nǹkan sí i" sí, ẹ fa ìlà pupa sábẹ́ ẹ̀, torí pé ibẹ̀ gan-an lẹ ti máa dúró tẹ́ ẹ máa máa wojú ara yín lọ́jọ́ náà.

Ìṣirò kan wà tá ò ṣe, tó jẹ́ pé òun ni ì bá gbà wá. Orin wa jẹ́ 100 BPM, ìyẹn ni pé ẹ̀ẹ̀ 100 lẹ lè fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀ sí i láàárín ìṣẹ́jú kan. Ìṣẹ́jú mẹ́rin á jẹ́ 400. Tẹ́ ẹ bá ní kí àwòrán máa yí padà lẹ́yìn mẹ́rin-mẹ́rin, èyí tí kò tiẹ̀ yára rárá fún orin ijó, àwòrán 100 lẹ máa nílò. Àwa wá lọ kó ìtàn mẹ́ta jọ yàtọ̀ sí ti olórin fúnra ẹ̀, ọmọkùnrin kan tó sá kúrò nílé, ọmọbìnrin tó ń wá a, àti ìgbà tí àwọn méjèèjì ṣì kéré, ibi mẹ́fà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ la fẹ́ lọ. Lọ́jọ́ méjì tá a ní, tẹ́ ẹ bá yọ ìgbà tá a fi ń dúró de èèyàn àti ìgbà tá a fi ń kó ẹrù kúrò, wákàtí mẹ́fà ló ṣeé lò lójúmọ́. Wákàtí méjìlá fún àwòrán 100, ìṣẹ́jú méje àti díẹ̀ ló kan ọ̀kọ̀ọ̀kan, nínú ìṣẹ́jú méje yẹn náà lẹ ti máa gbé iná, lẹ ti máa pààrọ̀ aṣọ, lẹ ti máa wá ẹni tó ní òun ń lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí kò padà wá mọ́. Kò lè ṣeé ṣe. Ìṣẹ́jú márùn-ún pẹ̀lú bírò á ti sọ fún wa pé kò lè ṣeé ṣe, àmọ́ ẹnu dùn-ún-ròfọ́, a jókòó à ń sọ ìtàn fún ara wa títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ohun tó ń yọ èèyàn ni olórin tó dúró tó ń kọrin sí kámẹ́rà. Ẹ̀ẹ̀kan tẹ́ ẹ bá yà á tó fi kọ orin náà tán, ẹ lè rí àwòrán ogún tàbí ọgbọ̀n gé lára ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá wá yà á láti ọ̀nà mẹ́rin tàbí márùn-ún, ó ti tán, fídíò ti wà, ìtàn tó bá tún kún un jẹ́ èrè. Èrò kan ṣoṣo tó yé èèyàn kedere sàn ju ìtàn mẹ́ta tí kò parí lọ. Ní 2006, ẹgbẹ́ olórin kan ní Amẹ́ríkà, OK Go, gbé kámẹ́rà kan kalẹ̀ sójú kan, wọ́n to ẹ̀rọ mẹ́jọ tí wọ́n fi ń sáré lójú kan fún eré ìdárayá, wọ́n ń jó lórí ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ orin dópin láìgé e rárá. Ọmọ ìyá ẹni tó ń lé orin wọn ló kọ́ wọn ní ijó náà. Fídíò náà gba Grammy, àmì ẹ̀yẹ ńlá fún orin, ní 2007. Ohun tí wọ́n ná lórí ẹ̀ jù ni àkókò tí wọ́n fi kọ́ ijó yẹn títí ẹsẹ̀ wọn fi mọ̀ ọ́n, ìyẹn ò sì jẹ́ owó.

Ibi tẹ́ ẹ máa lò

Mi ò ní pẹ́ níbí. Ẹ gba àyè lọ́wọ́ ẹni tó ni ibẹ̀, kó fi ọwọ́ sí bébà tó bá ṣeé ṣe, kẹ́ ẹ sì béèrè aago tí wọ́n ń ti ilẹ̀kùn. Àwa ò béèrè. Bàbá tó ń tọ́jú gbọ̀ngàn tá a lò wá bá wa nígbà tá à ń ya ègbè tó kẹ́yìn, wọ́n ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, aago mẹ́fà ni mò ń ti ibí o." A ní, "Ẹ jọ̀ọ́ bàbá, ó ku díẹ̀." Wọ́n ní àwọn gbọ́, wọ́n wá dúró síbẹ̀ pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́, tẹ́ ẹ bá wo ojú olórin nínú àwọn àwòrán yẹn dáadáa ẹ máa rí i pé kọ́kọ́rọ́ yẹn ló ń wò.

Ẹ lọ wo ibẹ̀ ṣáájú ní aago kan náà tẹ́ ẹ máa fi lò ó, torí ìmọ́lẹ̀ tó gba ojú fèrèsé wọlé láàárọ̀ lè má sí níbẹ̀ mọ́ lọ́sàn-án. Àmọ́ ariwo ò kàn yín o, ìyẹn sì ni ẹ̀bùn ńlá tí fídíò orin fún ẹni tí kò lówó. Àwọn tó ń ṣe fíìmù ń pààrà kiri torí jẹnẹrétọ̀ tó ń dún nítòsí, ẹ̀yin, jẹ́ kó máa dún, orin lẹ máa fi bò ó. Gbogbo wàhálà tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣe lórí ohùn, ẹ kó o sórí ìmọ́lẹ̀.

Fún ìmọ́lẹ̀ náà, fèrèsé ńlá kan ló dáa jù nínú gbogbo iná tá a gbìyànjú. Ẹ jẹ́ kó wà ní ẹ̀gbẹ́ olórin, kì í ṣe lẹ́yìn kámẹ́rà gan-an. Tí ẹ̀gbẹ́ kejì ojú ẹ̀ bá ṣókùnkùn jù, ẹ gbé páálí funfun dúró síbẹ̀ kó dá ìmọ́lẹ̀ padà. Tí oòrùn bá ń wọlé tààrà tó ń jó ojú, ẹ ta aṣọ ìbùsùn funfun tó fẹ́lẹ́ sí ojú fèrèsé. Níta, ọ̀sán gangan ò ṣe é lò, òjìji á bọ́ sábẹ́ ojú gbogbo èèyàn bí ẹni tí kò sùn, nǹkan bíi wákàtí kan kí oòrùn tó wọ̀ ni kẹ́ ẹ dúró dè. Àmọ́ wákàtí yẹn kì í pẹ́ lọ rárá, kí ẹ ti dánra wò tán kó tó dé.

Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ máa yà á

Ẹ kọ́kọ́ ya olórin. Mo mọ̀ pé ìtàn ló máa ń wù èèyàn, àmọ́ tí òjò bá rọ̀, tí bátìrì bá kú, tí ẹnì kan bá ní òun fẹ́ máa lọ, kó jẹ́ pé èyí tí kò ṣeé ṣe láìsí ti wà nílẹ̀. Àwa fi í sí ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì. Ẹ̀ẹ̀méjì péré la rí i yà tó fi kọ orin náà tán, ọ̀kan lára ẹ̀ lèyí tí bàbá fi kọ́kọ́rọ́ dúró tì wá yẹn.

Ẹ ní sípíkà tó lè dún sókè, kẹ́ ẹ gbé e sí ìtòsí olórin. Fóònù tá a fi orin sí nínú gbọ̀ngàn yẹn, tí onílù bá ti ń ṣe bí ẹni ń lù, kò sẹ́ni tó ń gbọ́ ọ mọ́. Ọ̀rọ̀ ìtòsí yìí náà, mi ò fi ṣeré, ohùn ń rìn ní nǹkan bíi mítà 343 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tí fídíò yín bá jẹ́ férémù 25 ní ìṣẹ́jú àáyá kan (férémù ni àwòrán kọ̀ọ̀kan tó tẹ̀ léra tó di fídíò), sípíkà tó bá fi mítà mẹ́rìnlá jìnnà sí olórin ti mú kó fi férémù kan pẹ́. Férémù kan ò burú, ṣùgbọ́n méjì sí mẹ́ta, ojú á ti máa fura.

Ẹ jẹ́ kí kámẹ́rà náà máa gba ohùn sílẹ̀ bí kò tiẹ̀ dáa. Ohùn tí kò dáa yẹn lẹ máa fi mọ ibi tí àwòrán ti máa bá orin pàdé nígbà tẹ́ ẹ bá ń tò ó. Ẹ lẹ ìró mẹ́rin mọ́ iwájú orin, "tóò, tóò, tóò, tóò", kí olórin lè mọ ìgbà tó máa bẹ̀rẹ̀, kẹ́nì kan sì pàtẹ́wọ́ níwájú kámẹ́rà lẹ́ẹ̀kan.

Olórin gbọ́dọ̀ kọrin síta o. Kì í ṣe kó kàn máa ṣí ẹnu. Ọ̀rẹ́ mi ń tijú, ló bá ń fi ètè lásán ṣe é, nígbà tá a wá wò ó lórí kọ̀ǹpútà, ibi tí orin ti ń ké lóhùn òkè, iṣan ọrùn ẹ̀ ò mira, àyà ẹ̀ ò gbéra, bí ẹni tó ń jẹun jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ẹ ní kí gbogbo ẹni tí kò níṣẹ́ níbẹ̀ jáde, kẹ́ ẹ gbé sípíkà sókè débi tí òun fúnra ẹ̀ ò ní gbọ́ ohùn ara ẹ̀, ìtìjú á lọ.

Nípa kámẹ́rà, nǹkan mẹ́ta kan ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ tì pa kó má lè yí ara ẹ̀ padà: fókọ́ọ̀sì (ohun tí kámẹ́rà ń jẹ́ kó mọ́ kedere), ìmọ́lẹ̀ àti àwọ̀. Lórí ọ̀pọ̀ fóònù, tẹ́ ẹ bá tẹ ojú olórin mọ́lẹ̀ pẹ́ díẹ̀, méjì àkọ́kọ́ á tì pa. Ojú ni kẹ́ ẹ tẹ̀, ẹ má tẹ ògiri, torí pé tí ògiri bá funfun tí fóònù sì ń wò ó, ojú èèyàn á dúdú kọjá bó ṣe yẹ. Àpù Blackmagic Camera ń jẹ́ kẹ́ ẹ ti gbogbo ẹ̀ pa, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ yan iye férémù kan, 24, 25 tàbí 30, èyíkéyìí, kí gbogbo kámẹ́rà àti fóònù tó wà níbẹ̀ sì jẹ́ ìkan náà. Tiwa, kámẹ́rà wà ní 25, fóònù wà ní 30, kò sẹ́ni tó wò ó. Shutter speed, ìyẹn bí kámẹ́rà ṣe ń pẹ́ tó kó tó di ojú lórí férémù kọ̀ọ̀kan, ẹ fi í sí ìlọ́po méjì iye férémù, 25 á jẹ́ 1/50. Ẹ sì wo iná o, níbi tí iná mànàmáná bá ti jẹ́ 50 Hz (iye ìgbà tí iná ń lọ tó ń bọ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan), 1/50 tàbí 1/100 ni kẹ́ ẹ lò, níbi tó bá ti jẹ́ 60 Hz, 1/60 tàbí 1/120, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ àwọn ìlà dúdú kan á máa rìn kọjá lójú àwòrán, ẹ ò sì ní rí i lójú fóònù kékeré yẹn, ilé lẹ ti máa rí i.

Ẹ nu ojú kámẹ́rà fóònù. Mo mọ̀ pé ó ń jọ ọ̀rọ̀ ọmọdé. Ẹ ṣáà nù ún. Ẹ fi sí airplane mode pẹ̀lú, ìyá ọ̀kan nínú wa pè nígbà tá à ń ya ibi tó dáa jù, a ò lè bínú sí màmá.

Ẹ ṣírò àyè orí mẹ́mórì náà. Tí fídíò bá ń gba 100 megabit ní ìṣẹ́jú àáyá kan (megabit mẹ́jọ ló wà nínú MB kan), 750 MB nìyẹn láàárín ìṣẹ́jú kan, orin ìṣẹ́jú mẹ́rin á gba 3 GB, tẹ́ ẹ bá yà á lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, 30 GB. Ẹni tó bá mú káàdì 32 GB kan ṣoṣo wá, ọ̀sán ni iṣẹ́ ẹ̀ máa tán.

Ọgbọ́n kan tó dùn mọ́ mi jù nínú gbogbo iṣẹ́ yìí nìyí, tá a sì ṣe tó yọrí. Ṣé ẹ ti rí fídíò tí gbogbo nǹkan ti ń falẹ̀, aṣọ ń fẹ́ lẹ́lẹ́, irun ń fò díẹ̀díẹ̀, àmọ́ ètè olórin bá orin mu rẹ́gí? Ńṣe ni wọ́n yà á ní férémù 50, wọ́n wá fi orin sí i kó máa yára ní ìlọ́po méjì, olórin ń sáré kọ ọ́. Tẹ́ ẹ bá wá fi í sí férémù 25, àwòrán á falẹ̀ sí ìdajì, ètè á padà sí bí orin ṣe ń lọ gan-an. Kò ná wa ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n kí olórin fi orin tó yára yẹn dánra wò nílé fún bí ọjọ́ mélòó kan, ibi tí ọ̀rọ̀ bá pọ̀ sí, ahọ́n á lọ́ pọ̀, ègbè nìkan la lò ó fún torí pé ọ̀rọ̀ ibẹ̀ ò pọ̀.

Ní ti àwọn tó máa ṣe bí èrò nínú fídíò, a pe ogún èèyàn, mẹ́fà ló wá. Kò dùn mọ́ wa rárá lákọ̀ọ́kọ́. La bá kó wọn jọ gádígádí, a fà wọ́n mọ́ra tímọ́tímọ́, a dúró jìnnà, a fi lẹ́ǹsì fa ojú wọn wá sítòsí, orí àti èjìká nìkan ló hàn, ẹ̀yìn wọn ṣókùnkùn. Lẹ́yìn náà wọ́n pààrọ̀ fìlà àti jákẹ́ẹ̀tì láàárín ara wọn, wọ́n yí ibi tí wọ́n dúró sí padà, a tún yà wọ́n. Àwọn tó wò ó bi wá pé báwo la ṣe rí èrò tó tó bẹ́ẹ̀ kó jọ. Ẹ fún àwọn tó bá wá lóúnjẹ, kẹ́ ẹ má sì fi wọ́n jókòó lásán láti àárọ̀, ẹni tí iṣẹ́ ẹ̀ bá jẹ́ aago mẹ́rin, ẹ pè é wá ní aago mẹ́ta ààbọ̀.

Kẹ́ ẹ tó sùn lálẹ́, ẹ kó gbogbo ẹ̀ sí ibi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kọ̀ǹpútà kan àti dísìkì kan, ẹ ṣí fáìlì mélòó kan wò bóyá ó ń ṣiṣẹ́. Ìgbà yẹn nìkan lẹ lè pa ohun tó wà lórí káàdì rẹ́.

Nídìí kọ̀ǹpútà

DaVinci Resolve ọ̀fẹ́, ètò tí wọ́n fi ń to fídíò lórí kọ̀ǹpútà, la lò, ó sì lè ṣe gbogbo ohun tẹ́ ẹ nílò, tí kọ̀ǹpútà yín ò bá lágbára, CapCut náà á gbé e. Ẹ kọ́kọ́ gbé orin sílẹ̀, ẹ tì í pa kó má lè sún. Lẹ́yìn náà ẹ to gbogbo àwòrán ìkọrin sórí ara wọn, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá orin mu láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kẹ́ ẹ tó gé nǹkan kan. Tí èyí tẹ́ ẹ fi fóònù yà bá bá orin mu níbẹ̀rẹ̀ tó wá ń yẹ̀ bó ṣe ń lọ sí ìparí, ìdí ni pé fóònù kì í sábà ya iye férémù tó dọ́gba ní gbogbo ìgbà, ẹ gbé e gba inú HandBrake kọjá, ètò tó ń yí fáìlì fídíò padà, ọ̀fẹ́ lòun náà, ẹ yan "constant framerate", ó parí. Ọjọ́ mẹ́ta la fi ń ro pé olórin ni kò mọ orin ara ẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá wá ń gé e, ẹ má kàn máa gé e sórí ìlù nígbà gbogbo bí ẹni ń ka iye. Ẹ̀dà tá a kọ́kọ́ ṣe, gbogbo lílù mẹ́rin-mẹ́rin la gé e sí, nígbà tó fi máa di ìṣẹ́jú kan ààbọ̀, ó ti ń rẹ èèyàn. Ẹ máa tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ orin nígbà míì, ẹ jẹ́ kí àwòrán kan pẹ́ nílẹ̀ níbi tí ohùn ti ń fà, kẹ́ ẹ wá yára gé e nígbà tí ègbè bá bú jáde. Ó máa ń dáa pẹ̀lú kẹ́ ẹ gé e ní férémù kan tàbí méjì ṣáájú ìlù, ojú á ti gbà á kí etí tó gbọ́ ọ. Àwòrán tẹ́ ẹ jìyà tó pọ̀ jù lórí ẹ̀ ló máa ṣòro jù láti yọ. Àwa gun òkè kan fún wákàtí méjì torí àwòrán kan, kò bá nǹkan kan mu nínú fídíò yẹn, ọ̀sẹ̀ méjì ló lò nínú ẹ̀ torí pé a ti jìyà nítorí ẹ̀. Ẹni tí kò bá wa gun òkè la fi hàn, ó ní, "Òkè yẹn ńkọ́, kí ló ń ṣe níbẹ̀?" A yọ ọ́ lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Ẹ fi han irú ẹni bẹ́ẹ̀ nígbà tó ṣì kù sí i láti ṣe. Ẹ má ṣàlàyé nǹkan kan fún un, ẹ máa wo ojú ẹ̀, ibi tó bá ti gbé fóònù ẹ̀ yọ, ẹ kọ ìṣẹ́jú yẹn sílẹ̀. Bó bá di ìgbà tẹ́ ẹ máa gbé e jáde, H.264 nínú MP4 (irú fáìlì fídíò tó wọ́pọ̀) ni kẹ́ ẹ lò, fún 1080p tó jẹ́ férémù 24 sí 30, YouTube ní kó jẹ́ 8 Mbps, ìyẹn megabit mẹ́jọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, àmọ́ àwa fi tiwa sí 16, kò pa á lára. Ẹ gé ẹ̀dà tó dúró lóòró náà, 1080 sí 1920, tó bá jẹ́ pé ẹ ti ń rántí ìyẹn látìgbà tẹ́ ẹ ti ń yà á, ẹ ò ní máa gé orí onílù kúrò bíi tiwa.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kọ ohun tẹ́ ẹ rí kọ́ sílẹ̀ fún olùkọ́

Ọ̀pọ̀ wa ló máa ń kọ "a kọ́kọ́ ṣe èyí, lẹ́yìn náà a ṣe ìyẹn", kò sẹ́ni tó fẹ́ kà á. Ohun tí mo bá pàdé tó ṣiṣẹ́ ni kí n mú ìpinnu kan, kí n kọ ohun tá a mọ̀ nígbà tá a ṣe ìpinnu yẹn, ohun tó ti ibẹ̀ jáde, àti ìgbà tó yẹ ká ti mọ̀. Ẹ wo ọ̀rọ̀ orin tí kò tíì parí yẹn. A mọ̀ pé ó ku kékeré kan. A ò béèrè. Ọ̀sẹ̀ kan ló gbà. Ìbéèrè kan lórí fóònù ì bá yanjú ẹ̀. Ìlà mẹ́rin péré, àmọ́ olùkọ́ fa ìlà sábẹ́ ẹ̀. Ẹ ra ìwé kékeré kan, kí ẹnì kan máa kọ nǹkan méjì sí mẹ́ta sínú ẹ̀ lálaalẹ́ ọjọ́ iṣẹ́, torí pé lẹ́yìn oṣù kan ẹ ò ní rántí ẹni tó ní ká gun òkè, gbogbo èèyàn ló máa sọ pé òun kọ́.

Ẹ kọ ohun tó dáa náà síbẹ̀. Ìtìjú ò jẹ́ kí n kọ ọ̀rọ̀ èrò mẹ́fà yẹn lákọ̀ọ́kọ́, mo rò pé àléébù ni, ó di ìgbà tí olùkọ́ fúnra wọn béèrè bá a ṣe ṣe é.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá lọ̀rẹ́ mi tún pè mí, ó ní òun ti ní orin tuntun, kò tiẹ̀ tó ìṣẹ́jú mẹ́ta, ó ní, "Ṣé o ti ń bá wa wá kámẹ́rà?" Mo ní kó fi orin yẹn ránṣẹ́ ná. Ó ní, "Ó ti parí o, ó kàn ku…" Mo ti gé fóònù.